Corolla mi ń han gooro tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, ẹ gbà mí

Olùbéèrè, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2005 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ ni, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọyẹ́ ti dé, tí mo bá ti ṣáná sí i láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í han: "hííììììn", bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá ń kùn síni létí, àmọ́ tó le débi pé aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Tó bá tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, á rọlẹ̀. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan. Mẹkáníìkì mi ní alternator ni, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, kí n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà wá. Rẹwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní rárá, kíkí sítátà ló ń kú lọ. Owó iléèwé ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ fi ra ohun tí kò bàjẹ́. Ọmọ yín ni mí o, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Awakọ̀ Èkó:
Alternator ni o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe, mo ra òmíràn ní Ládípọ̀, ó dákẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé ó máa ń pọ̀ sí i tí ẹ bá ń yí sítíárìn? Tèmi, ìgbà tí mo bá ń yí i láti jáde ní géètì ló máa ń ké jù.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ọmọ mi, fi owó iléèwé sílẹ̀ níbi tó wà. Kíkí sítátà kì í ṣiṣẹ́ kọjá ìgbà tí o bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà, tí o fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ariwo tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò rò pé òun ni.

Ó ku àwọn tí bẹ́líìtì ń yí. Lára Corolla tìrẹ yẹn, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí alternator, páńpù omi, páńpù sítíárìn àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC. Ojú kan náà ni ohùn gbogbo wọn ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí ẹnu àwọn méjèèjì kò fi kò. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀ láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, títí kan èmi.

Lọ́la, kí o tó ṣáná, wo ike epo sítíárìn. Wọ́n kọ HOT àti COLD sí i lára. Ọkọ̀ tí kò tíì gbóná, ti COLD ni kó o wò. Wá ṣáná, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì. Tí ohùn bá ń ga bó ṣe ń yí i, ó jọ pé páńpù sítíárìn ló ń ké. Ó sábà máa ń jẹ́ pé epo ló lọ sílẹ̀ tó wá ń fa afẹ́fẹ́ mu; wàá rí i tí epo ń hó bí ọṣẹ nínú ike. Òtútù ọyẹ́ máa ń mú kí epo náà ki, ni àárọ̀ fi burú ju ọ̀sán lọ.

Tí sítíárìn ò bá yí ohùn náà padà, tan iná iwájú àti fáànù. Tó bá ga nígbà yẹn, a tó lè máa fura sí alternator. Ẹ jọ̀ọ́, agbádá, ìborùn, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó sún mọ́ bẹ́líìtì tó ń yí. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ tí ìka rẹ̀ méjì lọ síbẹ̀.

Rẹwáyà Abẹ́òkúta:
Bàbá, ẹ ṣeun. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ni, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ojú rẹ̀ tó ní ilà; ohùn á yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ pa á bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́ láti fi dán an wò, ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, torí òun náà ló ń yí páńpù omi.

Olùbéèrè:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nínú ike, èyí tó kù ń hó. Ìyàwó mi yí sítíárìn, ariwo náà sì ga bí ẹní pè é. Mo tún rí i pé họ́òsì tó wọ ìdí ike náà tutù, epo pupa ń kán síbẹ̀. Mo ní epo búréèkì nílé, ṣé kí n dà á sí i?

Bàbá Mẹkáníìkì:
Rárá o! Má dà á sí i. Epo búréèkì á ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, ìnáwó tí o ń sá fún á wá dé. ATF, epo jíà ọ̀tọ́mátíìkì, ni kó o rà, èyí tó pupa, tí wọ́n kọ Dexron III sí lára. Pààrọ̀ kílíìpù họ́òsì yẹn kí o tó bu epo; tí ẹnu họ́òsì bá ti là, gé e díẹ̀ tàbí kó o ra tuntun. Kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé iwájú sókè, kó ti abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láìtíì ṣáná, kí ó yí sítíárìn láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì ní bí ogún ìgbà, kó máa bu epo kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ṣáná, ẹ má di sítíárìn mú ní òpin pẹ́, ooru rẹ̀ ń pa páńpù.

Olùbéèrè:
A ti ṣe é. Kílíìpù méjì àti epo lítà kan ni mo rà ní Ààràrọ̀mí, Gate. Lọ́jọ́ kìíní ó ṣì kùn díẹ̀, lónìí tó pé ọjọ́ mẹ́ta, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Owó ọmọ ti dé iléèwé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, tèmi ńkọ́? Epo kún, kò hó, síbẹ̀ ó ń ké.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ìyá Ìbejì, ẹ wo àwọ̀ epo náà ná. Tó bá ti dúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde kí wọ́n rọ tuntun. Tó bá ṣì ń ké lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dán bẹ́líìtì wò bí Rẹwáyà ṣe wí, kí ẹ tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú páńpù. Ẹ sọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ fún mi.