Sẹ́mínà ọdún àkọ́kọ́ ní Harvard: ṣé kí àbúrò mi mú un?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi obìnrin rí àyè wọ Harvard, láti Ìbàdàn ló ti ń lọ. Wọ́n ní kó wo àwọn sẹ́mínà kékeré, ìyẹn kíláàsì ìjíròrò, tó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹ̀rù ń bà á, ó ní kò síbi téèyàn máa sá pamọ́ sí láàárín èrò kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣé kó mú un? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń yan èèyàn?

Ìdáhùn 1:
Kó mú un. Láti 1959 ni wọ́n ti ń ṣe é, bí èèyàn 12 ló sì máa ń jókòó ti olùkọ́ kan. Kò sí A tàbí B níbẹ̀. SAT (ó yege) tàbí UNSAT (kò yege) ni wọ́n ń kọ fún un, kò sì kan GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀. Níbo ló tún ti máa rí irú àyè bẹ́ẹ̀ láti gbìyànjú ohun tí kò mọ̀ rí?

Ní ti bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn, bí sẹ́mínà tó fẹ́ bá ní kó kọ lẹ́tà ìdí tó fi fẹ́ wọ̀ ọ́, kó fara balẹ̀ kọ ọ́. "Mo fẹ́ràn kọ́ọ̀sì yìí gan-an" kò sọ nǹkan kan fún olùkọ́, gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Kó ka sílábọ́ọ̀sì, kó mú ìwé kan níbẹ̀, kó kọ ìbéèrè tí ìwé náà gbé wá sí i lọ́kàn. Ìpínrọ̀ méjì ti tó. Kó má sì gbọ́kàn lé ẹyọ kan ṣoṣo. Kó fi àwọn tí èrò kì í wọ́ sí kún un.

Ìdáhùn 2:
Ibi tí ọmọ ilé wa ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹni tó bá dákẹ́ fún wákàtí méjì nínú sẹ́mínà, wọ́n á gbà pé kò kàwé wá ni. Kó ka ìwé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, kó wá ohun tí òǹkọ̀wé ń jà fún. Lẹ́ẹ̀kejì, kó sàmì síbi tó fara mọ́, ibi tó ta kò, àti ibi tí kò yé e, kó sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé wọn sílẹ̀, torí ìjíròrò kì í dúró de ẹni tó ń ṣí ìwé kiri. Kó sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Bó bá pẹ́ jù, ẹlòmíràn á ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹnu á sì wá wúwo. "Professor, mi ò fara mọ́ èyí, ẹ wo ojú ìwé 43": kò sí àfojúdi níbẹ̀ rárá.

Ìdáhùn 3:
Ẹ wo kírẹ́dìtì náà o. Ti Harvard jẹ́ 4. Ní Berkeley, yunifásítì mìíràn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ sẹ́mínà ọdún àkọ́kọ́ kò ju yúnìtì 1 lọ (yúnìtì ni wọ́n ń pe kírẹ́dìtì níbẹ̀). Físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, sì ń béèrè kírẹ́dìtì 12, ó kéré tán, ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Ẹni tó ní 12 géérégé, tó wá yọ yúnìtì 1 kúrò láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà físà.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Bí kò bá wá bá a lára mu ńkọ́?

Ìdáhùn 2:
Kó tètè pinnu, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí àkókò àtiwọ kọ́ọ̀sì mìíràn tó kọjá lórí rẹ̀. Àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì. Nígbà míì, ìwé ọ̀sẹ̀ kìíní ló le, ìyókù ò rí bẹ́ẹ̀.