Ìjàpá bàbá wa ti wà nílẹ̀ láti 2014: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìbarà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ìjàpá bàbá wa ni mo bá wá. Volkswagen 1300 ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ lọ́nà Àgbádárìgì l'Ékòó lẹ́yìn 1975. Abẹ́ páànù ló wà lẹ́yìnkùlé wa níbí l'Ábẹ́òkúta láti 2014 tí ojú bàbá kò ti ríran alẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, síbẹ̀ àràárọ̀ ni wọ́n ń jáde lọ nu eruku ara rẹ̀. Mo fẹ́ fi gbé wọn dé Ìtòkú kí wọ́n tún gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn.

Mẹkáníìkì kan ní kí n ra bátìrì, kí n da epo sí i, kí a kó ọ̀dọ́ jọ tì í. Ọkàn mi ò gbà á. Epo àtijọ́ ṣì wà ní táńkì, òórùn rẹ̀ ti yí padà. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ńṣe ló ń wọlẹ̀ lọ. Mo sì bá ìtẹ́ eku lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí bátìrì ń gbé.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Àbúrò, o kú ìtọ́jú bàbá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọkọ̀ yẹn o! Inú sílíńdà ẹ́ńjìnnì ti gbẹ. Bí o bá fipá yí ẹ́ńjìnnì, ríìǹgì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, lè ha á tàbí kó ṣẹ́. Tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó sùn bẹ́ẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì, yọ ọ́ kúrò ní jíà, fi sípánà 21 sí nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀ (èyí tó ń ṣe iná fún ọkọ̀), kí o rọra fọwọ́ yí i. Bí kò bá yí, tún da ọ́ìlì sí i.

Sọ ọ́ìlì àtijọ́ nù. Lítà méjì ààbọ̀ ló ń gbà, kò sì ní fílítà. Asẹ́ ló wà nísàlẹ̀, fọ̀ ọ́.

Epo gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Iwájú ni táńkì, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì. Páìpù irin ló so wọ́n pọ̀, àmọ́ rọ́bà ló wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ní òpin rẹ̀, rọ́bà yẹn á sì ti gbẹ. Bí epo bá ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni. Magnesium wà nínú irin ẹ́ńjìnnì yẹn. Bó bá gbaná, omi á tún mú un le sí i ni. Pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo àti kílíìpù wọn kí o tó da epo kankan sí i. Sọ táńkì kalẹ̀, fọ̀ ọ́, torí ìpẹtà inú rẹ̀ ló máa lọ dí kábúrétọ̀.

O tún sọ̀rọ̀ eku. Ìjàpá kì í lo omi, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bí eku bá kó pàǹtí sínú ilé fáànù, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí á fi bàjẹ́, kò sì sí mítà tí yóò kìlọ̀ fún ọ. Tú u wò.

Ìyá Adátán
Ọmọ mi, mo wa Ìjàpá pẹ́. Má gbé e kúrò lójú kan láìṣe bíréèkì, ìlú olókè ni Abẹ́òkúta. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́, ìpẹtà á sì dé. Máṣítà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì, wíìlì sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ti bíréèkì nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, àti rọ́bà wọn, pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Wo ara táyà náà: nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2313 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2013. Kódà bí ojú rẹ̀ ò tíì jẹ, má fi gbé bàbá rẹ.

Ọmọ Ìbarà
Ẹ ṣé gan-an ni. Ó yí o! Bàbá fúnra wọn ló di sípánà mú, wọn ò fẹ́ gbé e fún mi mọ́. Òwú àga ló kún ilé fáànù. Táyà ọdún 2009 ni wọ́n, mo ti yọ wọ́n. Ibo ni mo ti lè rí wíìlì sílíńdà rà?

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá
Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Mú ti àtijọ́ dání, tiwájú àti tẹ̀yìn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Bá mi kí bàbá.