"Fi ránṣẹ́" tàbí "kó wá"? Ọ̀rọ̀ fún fáìlì tó ń ti inú fóònù bọ́ sínú kọ̀ǹpútà

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gbogbo ọ̀nà tí fáìlì ń gbà láti orí fóònù dé orí kọ̀ǹpútà àgbélétan ní "ìfiránṣẹ́ fáìlì". Ẹ̀yin tí ẹ dá a, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ẹnu sì gbà á. Àmọ́ n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí ibi tí òǹlò ti nílò ìtọ́sọ́nà jù gan-an ló ti ń ṣì í lọ́nà.

Ẹ wo "rán". Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ní láti gba ọwọ́ ìránṣẹ́ kọjá. Ìyẹn bá ímeèlì àti WhatsApp mu, torí pé ẹ̀rọ ẹlòmíràn wà láàárín. Wáyà USB kò ní ìránṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá kà á pé "fi fáìlì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà" á ki wáyà bọ fóònù, á tẹ fọ́tò mọ́lẹ̀, á yan Share, á sì máa wá wáyà láàárín àwọn ohun tó jáde. Kò sí níbẹ̀. Lórí wáyà, fóònù kì í rán nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ló ń wá kó o.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí "kó wá". Èdè wa kì í jẹ́ kí ẹrù rìn láìsọ ibi tó kọjú sí: bí a kò bá kó o lọ, a kó o wá ni. Iwájú kọ̀ǹpútà ni òṣìṣẹ́ jókòó sí, nítorí náà "kó wá" ni. Ìgbésẹ̀ tó yẹ sì ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà: kí ẹ ṣí fóònù, torí bó bá wà ní títì, kọ̀ǹpútà á kàn rí àpótí òfìfo, kí ẹ fa ìfitónilétí wálẹ̀, kí ẹ tẹ èyí tó sọ pé USB ń gbé iná fún fóònù, kí ẹ wá yan File transfer. Iṣẹ́ fóònù parí síbẹ̀. Ohun tó kù, inú This PC lórí Windows ni: ẹ wọ orúkọ fóònù, ẹ wọ DCIM bó bá jẹ́ fọ́tò. Mac kò gbọ́ èdè Android fúnra rẹ̀, ó nílò áàpù bíi OpenMTP.

Àwọn kan ti tako "kó" pé ẹrù tí a bá kó kì í sí níbi tó wà mọ́. Òótọ́ ni, mo sì gbà fún wọn. Cut ni "kó" pọ́nńbélé. Copy ni "kó ẹ̀dà". Nítorí náà "kó ẹ̀dà wá" ni kí a kọ sínú ìlànà, ohun tó sì yẹ kí òǹlò ṣe nìyẹn: kó ẹ̀dà wá, ka iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn lápá méjèèjì, kí o tó pa ti orí fóònù rẹ́. Bí wáyà bá já láàárín Cut, ó lè ṣòro láti mọ èyí tó dé àti èyí tó kù.

Orúkọ wáyà fúnra rẹ̀ ń dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní "wáyà ṣájà", bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n. Wáyà USB 2.0 tó pé ní okùn mẹ́rin nínú: méjì fún iná, méjì fún fáìlì. Òmíràn ní ti iná nìkan. Fóònù á máa gbaná dáadáa, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé àlejò dé. Ẹ jẹ́ kí "wáyà ṣájà" dúró fún olókùn méjì, kí olókùn mẹ́rin sì di "wáyà akẹ́rù", bí a ṣe ń sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù. Bí fóònù bá ń gbaná tí kò sí ọ̀rọ̀ USB rárá nínú ìfitónilétí, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí wáyà akẹ́rù bá wà níbẹ̀ tí fóònù kò sì hàn, ẹ wò ó bóyá N wà lẹ́yìn orúkọ Windows yẹn. Irú rẹ̀ kì í ní Media Feature Pack, àkójọ irinṣẹ́ orin àti fídíò ti Windows, MTP, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kó fáìlì lórí fóònù Android, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i.

Zip ńkọ́? "Fún pọ̀" ni wọ́n dábàá. Ìlérí èké ni. Fọ́tò JPEG àti fídíò MP4 ti wà ní fífún tẹ́lẹ̀, zip kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín wọn kù. Àǹfààní tó ń ṣe ni pé ó sọ ẹgbẹ̀rún fáìlì di ẹyọ kan, MTP sì nílò ìyẹn, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè fáìlì lọ́wọ́ fóònù, ìbéèrè yẹn ló sì ń jẹ àkókò. "Dì" ló sọ èyí, "tú" sì ni èkejì rẹ̀. A ti ní wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kí ààyè ṣáà wà lórí fóònù: fọ́tò 6 GB fẹ́ nǹkan bí 6 GB mìíràn kí ó tó ṣeé dì.

Lórí iPhone, ẹ tẹ Trust nígbà tó bá béèrè. Bí fọ́tò bá ń kọ̀ láàárín ọ̀nà tí Windows ń sọ pé ẹ̀rọ kan kò ṣiṣẹ́, fóònù ń gbìyànjú láti pa HEIC, irú fáìlì tí iPhone fi ń tọ́jú fọ́tò, dà sí JPEG bó ṣe ń fún un ni. Ẹ lọ sí ààtò Photos, lábẹ́ Transfer to Mac or PC, kí ẹ yan Keep Originals. Ẹ má túmọ̀ ìyẹn sí "ojúlówó". Ta ló sọ pé JPEG jẹ́ ayédèrú? "Fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà" tó.

Ti aláìníwáyà yàtọ̀. Níbẹ̀ ni fóònù ti ń "fà á lé e lọ́wọ́", ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Bluetooth orí Windows fẹ́ kí ẹ tẹ Receive files kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe ìyẹn ní "gba fáìlì", òǹlò á dúró kí nǹkan dé ná, fóònù á sì sọ pé kò ṣeé ṣe. "Tẹ́wọ́" ni. Ọ̀rọ̀ kan náà bá Quick Share àti LocalSend, àwọn áàpù tó ń gba orí Wi-Fi gbé fáìlì, mu: kọ̀ǹpútà tó wà lórí Wi-Fi tí Windows kà sí Public lè má tẹ́wọ́, ẹ sọ ọ́ di Private. Wi-Fi àlejò lè má jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì ríra, VPN (áàpù tó ń darí íńtánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà mìíràn) náà lè dí wọn lọ́wọ́. LocalSend ń lo ojúbọ̀ (port) 53317, kí ògiri ààbò (firewall) má ti í.

(Ẹni tó dá "eyín aláwọ̀ búlúù", ẹ jọ̀ọ́. Ìnagijẹ Harald ọba Denmark ni Bluetooth. Bùlútúù ti tó. Fáìlì 1 GB lórí rẹ̀ sì lè lé ní wákàtí kan, nígbà tí wáyà USB 2.0 tó ń ṣiṣẹ́ déédéé kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú kan lọ.)

Ó ku ọ̀kan tí n kò rí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Bí wáyà bá yọ láàárín iṣẹ́, "ó dá dúró" ń jẹ́ kí a rò pé á tẹ̀ síwájú. Kì í tẹ̀ síwájú. Ó já ni. Ohun méjì ló ń kù: fáìlì àbọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí kò lè ṣí, àti àwọn tí a kò tíì kó lórí fóònù. Mo dábàá "àkókù" fún ìkejì, bí àjẹkù àti àlòkù. Ẹ kọ́kọ́ pa fáìlì àbọ̀ rẹ́, kí ẹ tó padà lọ kó àkókù.