NAS: ẹ jẹ́ ká pè é ní "àká ilé"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará tá a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún nǹkan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe NAS, ìyẹn àpótí oní-dísìkì tí gbogbo ará ilé lè jọ máa kó fáìlì pa mọ́ sí, ní "àpótí ìkópamọ́ orí ìkànnì," ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ìkànnì báyìí, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ló máa wá sọ́kàn èèyàn, wọ́n á rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni nǹkan àwọn wà bíi ti Google Drive, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n pé dátà á tán. Bẹ́ẹ̀ inú ilé ló wà, wáyà ló so ó mọ́ ráútà, téèyàn bá ń ti orí fóònù kó fọ́tò síbẹ̀ lórí Wi-Fi ilé, dátà ò lọ rárá, kódà kí íntánẹ́ẹ̀tì má sí.

"Àká ilé" ni tèmi. Àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ "àká ọ̀rọ̀" fún àkójọ ọ̀rọ̀ inú èdè, kò ṣàjèjì.

Èyí tó ká mi lára jù ni RAID 1, ìyẹn ètò tó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ní ká pè ní "ẹ̀dà ààbò." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tó fẹ́ ra àká á gbà pé ọ̀rọ̀ ààbò fáìlì òun ti parí. Dísìkì 4TB méjì lẹ kì bọ̀ ọ́, 4TB péré lẹ máa rí lò, torí ohun tó bá wọ ọ̀kan ló ń wọ èkejì. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ, ìyẹn dáa. Àmọ́ tí ọmọ bá ṣèèṣì pa fọ́tò ìgbéyàwó rẹ́, ó ti pa á rẹ́ lórí méjèèjì nìyẹn, tí olè bá sì gbé e lọ, gbogbo ẹ̀ ló gbé lọ. "Dísìkì ìbejì" ló yẹ ẹ́, ká fi "ẹ̀dà" sílẹ̀ fún háàdì dísìkì mìíì tá a gbé síbòmíì.

Ẹni tó ń bi wá léèrè èwo lòun máa rà, yálà ti iléeṣẹ́ Synology ni o tàbí ti QNAP, èyí tó gba dísìkì méjì tó fún ọ̀pọ̀ ilé, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, kó jẹ́ èyí tó ní wáyà USB tẹ́ ẹ máa fi so ó mọ́ àká, torí tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì níbi tó ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́. UPS á sọ fún àká pé iná ti lọ, àká á sì pa ara ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ fi "àpótí ìkópamọ́ orí ìkànnì" sínú gbólóhùn yẹn kẹ́ ẹ wò ó.

Ó ku ibi tí wọ́n ń ki dísìkì bọ̀. "Ojú" ni mò ń rò: àká olójú méjì, àká olójú mẹ́rin. Ṣé ó bá yín lára mu?