"Pa rẹ́" kò bá rm mu

Ẹ̀yin akẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ títúmọ̀ àwọn àṣẹ Linux (ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti ṣiṣẹ́) sí Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí "pa rẹ́" dúró fún rm (tó ń mú fáìlì kúrò), rmdir (tó ń mú fódà kúrò) àti shred (tó ń ba ohun inú fáìlì jẹ́) lápapọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ohun tí a bá pa rẹ́, a ti nù ún tán, bí ìkọ̀wé orí pátákó. rm kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú fáìlì. Orúkọ fáìlì ló ń yọ kúrò nínú fódà. Bí fáìlì kan bá ní orúkọ méjì tí a fi ln (àṣẹ tó ń fún fáìlì ní orúkọ mìíràn) fún un, tí a sì yọ ọ̀kan, èkejì ṣì ń ṣí i. Kódà bí orúkọ bá tán, tí ètò kan ṣì di fáìlì náà mú, àyè rẹ̀ kò tíì padà: df (tó ń sọ àyè tó kù lórí dísìkì) á ní dísìkì kún, du (tó ń ṣírò àyè tí àwọn fáìlì inú fódà gbà) ò ní rí i. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti kọ nǹkan sínú fódà ni rm ń wò, kì í ṣe ẹ̀tọ́ lórí fáìlì fúnra rẹ̀. Ta ló lè ti inú "pa rẹ́" mọ ìyẹn?

"Jù nù" náà kò ṣe é lò. Ohun tí a jù nù ṣeé ṣà padà, rm kò sì ní àkìtàn kankan.

"Yọ" ni mo fara mọ́. rmdir á jẹ́ "yọ fódà òfìfo", torí ó máa ń kọ̀ bó bá ku ẹyọ fáìlì kan nínú rẹ̀, títí kan èyí tí àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí ls (àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì) lásán kì í fi hàn. Fún -r, àfikún tó ń jẹ́ kí rm yọ fódà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, "yọ tọmọtọmọ". Ẹni tó dábàá "tigbòǹgbò-tigbòǹgbò" gbìyànjú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni a ń pe / (fódà tí gbogbo yòókù wà nínú rẹ̀) tẹ́lẹ̀, èyí tí rm ti GNU (ẹ̀dà tó wọ́pọ̀ lórí Linux) kì í gbà láti yọ àfi tí a bá kọ --no-preserve-root.

"Fi ipá" fún -f ló burú jù. -f kò lágbára kankan lórí fódà tí a kò ní ẹ̀tọ́ sí. Kò kàn ní béèrè ni, kò sì ní ráhùn bí fáìlì kò bá sí. "Má béèrè" ló tọ́ sí i, kí -i jẹ́ "béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan", kí -I jẹ́ "béèrè lẹ́ẹ̀kan", torí ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń béèrè bí fáìlì bá ju mẹ́ta lọ tàbí bí -r bá wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí "pa rẹ́" wà fún shred, tó ń kọ nǹkan mìíràn lé inú fáìlì lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ láìsí -u, orúkọ fáìlì ṣì wà níbẹ̀: ó pa á rẹ́, kò yọ ọ́.