Ẹ̀rọ ìfúnta: ṣé à ń sè é ni àbí ó ń yáná?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti gùn, ẹ jẹ́ n kó o pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹnìkan ló béèrè pé kí la máa pe ẹ̀rọ kan tí àwọn tó ń da ọta ìbọn olójé fúnra wọn máa ń lò, èyí tó ń ti ọ̀rá sára ọta tó sì tún ń mú un bá ìwọ̀n ẹnu ìbọn mu lẹ́ẹ̀kan náà, òyìnbó ń pè é ní lubrisizer. Ó tún béèrè orúkọ fún nǹkan tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ ọ̀hún gbóná, torí àwọn ọ̀rá kan le débi pé bí ara irin bá tutù, ẹ lè yí ìdè (sukúrúù tó ń ti ọ̀rá jáde) títí, wọn ò ní ṣàn. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá dá "ẹ̀rọ ìwọ̀nta" lábàá fún àkọ́kọ́, ó ní ká pe èkejì ní "ìse-ọ̀rá".

Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹni tó bá ń wọn nǹkan, bí nǹkan yẹn ṣe wà ló máa fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í wọn nǹkan kan ní tiẹ̀. Ọta tó jáde látinú mọ́ọ̀dì tí wọ́n fi dà á sábà máa ń sanra díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ká ní 0.360 ínṣì, tó jẹ́ 0.358 la sì ń fẹ́, ẹ ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, á ti ọta gba inú ihò irin kan tó jẹ́ 0.358 géérégé, òjé sì rọ̀ ju irin lọ, òun ló máa gbà. Fífún nìyẹn. Fún tó wà nínú "ó fún aṣọ" àti fún tó wà nínú "bàtà yìí fún mi lẹ́sẹ̀", a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó sì tín-ín-rín sí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Ẹ̀rọ ìfúnta ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè é. Ẹnìkan ní àwọn èèyàn á rò pé à ń fún ẹnìkan ní ọta ni, háà, ta ló gbọ́ pé wọ́n fún aṣọ létí odò tó rò pé wọ́n fún aṣọ ní ẹ̀bùn? Ti pé kò dárúkọ ọ̀rá, kò burú, orúkọ ò ní láti ka gbogbo iṣẹ́ tẹ́nì kan ń ṣe.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni iná yẹn. Ohun tí a bá sè á hó, tàbí kó jinná. Ọ̀rá inú ẹ̀rọ yìí, a ò fẹ́ kó hó, a ò tiẹ̀ fẹ́ kó yọ́ pàápàá! Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rá máa ń gbà wà lẹ́nu wa: ó dì, ó rọ̀, ó yọ́. Àárín yẹn là ń wá. Ìda oyin tí wọ́n máa ń fi po ọ̀rá yìí máa ń yọ́ ní bíi 62 sí 64 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìda carnauba tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní Bràsíl tó máa ń mú ọ̀rá le dáadáa, òun di bíi 82 sí 86 kó tó yọ́. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rá líle tí wọ́n ń pò, bí ara ẹ̀rọ bá ti gbóná tó bíi 40 sí 50, ó ti rọ̀, ìdè á tì í wọ inú àwọn ìlà tó yí ara ọta ká láìsí wàhálà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó yọ́, á sá gba abẹ́ ìdí ọta, á yí gbogbo ojú ẹ̀rọ, ẹ ó máa nù ún láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá wá gbọ́ "ìse-ọ̀rá", kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á lọ sè é ni o.

Àbúrò wa kan kọ "lo" fún mímú ẹ̀rọ gbóná yìí láìfi àmì sí i, ìdajì wa ní lọ bíi kéèyàn lọ aṣọ ló ń sọ torí áyọ́ọ̀nù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é, àwọn tó kù ní lọ́ ni, lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa fàmì sí i jàre. Lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáa fún omi, ó kàn gùn jù láti fi sọ irinṣẹ́ lórúkọ.

Ní tèmi, yáná ni. Ẹni tó ń yáná kì í wọ inú iná, ó kàn jókòó sítòsí ni títí ara ẹ̀ á fi yá, ohun tí ẹ̀rọ yìí sì nílò gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Àwọn kan ń lo gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, 60 wáàtì, wọ́n á fi agolo bò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀rá, ó sì ń ṣiṣẹ́ torí ju ìdá 90 nínú 100 iná tó ń jẹ ló ń sọ di ooru (ẹ má lọ fi LED ṣe é o, ìmọ́lẹ̀ nìkan lẹ máa rí). Àwọn kan ń we aṣọ oníná tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yìn dídùn mọ́ ọn lára, ìyẹn náà dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn tó bá ṣe díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ó yá fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n irin nípọn, kì í tètè gbóná, ọwọ́ yín á ti ro kó tó gbà. Gbogbo ìwọ̀nyí, yíyáná ni.

Áyọ́ọ̀nù ló yàtọ̀. Ojú àmì kìíní tó kéré jù lára áyọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi àmì tó-tó kan sí, lè dé 110 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìda oyin ti yọ́ tipẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dojú ẹ̀ sókè gbé ẹ̀rọ lé e fi máa ń fi àwo alumíníọ́mù tó nípọn sáàárín, wọ́n á sì máa tàn án wọ́n á máa pa á. Èyí tó wù mí jù ni kí wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àwo alumíníọ́mù yẹn, kí wọ́n ti ọ̀pá iná kékeré tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D bọ̀ ọ́, fólítì 12, 40 wáàtì, kí wọ́n sì so tẹmọ́sítáàtì mọ́ ọn, ìyẹn ohun tó ń pa iná fúnra ẹ̀ bí ooru bá ti tó. Bí àwọn tó ṣe Lyman 4500, irú ẹ̀rọ ìfúnta kan, náà ṣe rò ó nìyẹn, ihò ọ̀pá iná wà lára ẹ̀ látilé iṣẹ́. Àwo-ìyáná ni mo fẹ́ ká máa pe èyí, ti onígílóòbù á jẹ́ gílóòbù ìyáná.

Wọ́n ní ẹni tí òtútù bá mú ló ń yáná, pé ẹ̀rọ ò mọ òtútù. Òótọ́ ni, a ò sì lè sọ pé "mo yáná ẹ̀rọ", èdè ò gbà á. Ẹ sọ pé "ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yáná díẹ̀ ná" tàbí "ẹ jẹ́ kó yáná", ó bọ́ sẹ́nu dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀tù ìbọn má sí nítòsí tábìlì tí iná yẹn wà, ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn òjé, tẹ́ ẹ bá sì paná tán kẹ́ ẹ tú ìdè yẹn sẹ́yìn díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀rá á ṣì máa yọ jáde fúnra ẹ̀.

Ó ku tẹmọ́sítáàtì. Mo fẹ́ dá "aṣọ́ooru" lábàá, torí ṣíṣọ́ ló ń ṣọ́ ooru kó má kọjá àyè ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ká fi lóyìnbó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ orúkọ, kí lẹ ní?