Èsì: "iku" kì í ṣe àsìkò ìsinsìnyí, afònímọ́la ni

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá nípa orúkọ tá a máa fún ọ̀rọ̀ ìṣe èdè Jàpáànù, pé ká pe "taberu" (jẹun) àti "iku" (lọ ni o, kì í ṣe ikú) ní àsìkò ìsinsìnyí, ká pe "tabeta" àti "itta" ní àsìkò tó ti kọjá, ká wá pe "tabete iru" ní ibá atẹ́rẹrẹ, ìyẹn ti ohun tó ń lọ lọ́wọ́, kó tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè bá yín fọwọ́ sí i. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ èdè yìí, ọmọdé ṣì ni mí nínú ẹ̀, àmọ́ orúkọ "ìsinsìnyí" yẹn ti kó mi sí wàhálà rí.

Tíṣà wa ló bi mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ni mo ṣe lánàá, èmi náà dáhùn kíá, "kinō, ichiba ni iku". Lọ́kàn tèmi, "lánàá, mo lọ sọ́jà" ni mo sọ, ṣebí àwa ò kì í fi nǹkan kan mọ́ "lọ" tá a bá ń sọ̀rọ̀ àná, "mo lọ" ti tó. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àná ṣì ń bọ̀ ni? Torí "iku" lásán, láìfi nǹkan kan sí i nídìí, ohun téèyàn máa ń ṣe ni tàbí ohun téèyàn máa lọ ṣe. "Ashita iku", lọ́la màá lọ. "Mainichi iku", ojoojúmọ́ ni mo máa ń lọ. Àná nìkan ni ò ráyè níbẹ̀.

Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Àwọn onígírámà tiwa ní orúkọ kan tí mo fẹ́ràn gan-an, àsìkò afànámónìí, èyí tó fi àná mọ́ òní, torí "mo lọ" ń ṣiṣẹ́ fún àná, "mo mọ̀ ọ́n" ń ṣiṣẹ́ fún òní, ọjọ́ iwájú nìkan la ya "yóò" àti "máa" sọ́tọ̀ fún. Àwọn ará Jàpáànù wá gba òdìkejì, àná ni wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n so òní pọ̀ mọ́ ọ̀la. Tá a bá ti wá ní afànámónìí, kí ló dé tá ò lè ní afònímọ́la? Fi òní mọ́ ọ̀la, ọ̀nà kan náà la gbà ṣẹ̀dá ẹ̀. Ẹni tó bá ní "afònímọ́ọ̀la" ló yẹ ká kọ, mi ò bá a jà. Àǹtí tó dábàá "àsìkò àìkọjá" náà ò ṣì í, àmọ́ ṣe ni orúkọ yẹn kàn ń sọ ohun tí nǹkan ò jẹ́ fún wa.

Ó wá ku "-ta" tó wà nídìí "tabeta" àti "itta". Tẹ́ ẹ bá dúró de bọ́ọ̀sì ní Tokyo, tó sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ohun tí wọ́n máa sọ ni "basu ga kita!", "kuru" (wá) ló di "kita" yẹn, bọ́ọ̀sì ọ̀hún ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ yín o. Ẹni tí wọ́n bá fi "àsìkò tó ti kọjá" kọ́ á rò pé ọkọ̀ ti wá ó ti lọ. Àmọ́ ọmọ Yorùbá ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ṣebí "ọkọ̀ ti dé!" làwa náà máa ń pariwo nígbà tó ṣì ń bọ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: "ashita, gohan o tabeta ato de iku", lọ́la, tí mo bá jẹun tán màá lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni, "tabeta" sì jókòó sáàárín ẹ̀ pẹ̀sẹ̀! "Ti" àti "tán" wa ló jọ. Àṣetán ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká máa pè é.

"-te iru" gan-an ló le jù. "Tabete iru", ó ń jẹun, atẹ́rẹrẹ nìyẹn, mo gbà. "Shinde iru" ńkọ́? "Shinu" ni kú, ẹni tó bá wá túmọ̀ ẹ̀ sí "ó ń kú lọ" á gbé òkú sáré lọ ọsibítù, torí ẹni yẹn ti kú ni. "Kekkon shite iru", ó ti ṣègbéyàwó, kì í ṣe pé wọ́n ṣì ń jó lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn. "Shitte iru", mo mọ̀ ọ́n. "Iru" fúnra ẹ̀, "wà" ni, tá a bá ń sọ̀rọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, bíi pé èèyàn ti ṣe nǹkan, ó wá wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ dábàá "aṣewà" fọ́rẹ̀ẹ́ mi kan, ó ní ó dún bí aṣẹ́wó, mo yáa gbé e jù nù. "Ibá awàbẹ̀" ńkọ́? Kò dùn tó o, mo mọ̀, ẹ bá mi wá òmíràn.

Ti "godan", ìyẹn ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tí fáwẹ̀lì ìdí wọn máa ń yí padà, ò le rárá jàre. "Go" ni márùn-ún, "dan" ni àtẹ̀gùn, "dan" yẹn náà ni tàwọn oníjúdò bẹ́líìtì dúdú. "Kaku" (kọ̀wé) á gun a, i, u, e, o: kakanai, kakimasu, kaku, kakeba, kakō. Alátẹ̀gùn márùn-ún, ó parí. "Suru" (ṣe) àti "kuru" tí kì í tẹ̀ lé ẹnì kankan, olóríkunkun. Nípa bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń yí padà báyìí lápapọ̀, ẹnì kan ní "ìtẹ̀", bíi téèyàn tẹ irin, mi ò fẹ́ ẹ, torí "katsuyō" táwọn ará Jàpáànù ń pè é, àmì "yè" àti àmì "lò" ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí títẹ̀ níbẹ̀. "Ìyídà" tó fún mi.

Ẹ tún wá wo "yonda" o, ó lè jẹ́ "ó kàwé" látinú "yomu", ó sì lè jẹ́ "ó pè é" látinú "yobu", ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu àwọn ará Tokyo, ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lókè, ìkejì bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni tíṣà ti yìn mí látọjọ́ yìí.

Mo ti rí "tabesaserareru" níwájú nínú ìwé wa, wọ́n ní "wọ́n fipá mú mi jẹun" ni gbogbo gígùn yẹn. Ẹ dákun, ẹ má tíì sọ ìyẹn lórúkọ, ẹ jẹ́ n débẹ̀ ná.